Ẹni Tó Mọ Ẹ̀rọ Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Kì í ṣe àwọn èyí tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lórí tábìlì ni mò ń sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn onírin ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní sáfà, tó ń pa orúkọ gbogbo aláìsàn mọ́, pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn àti ìwọ̀n oògùn tí kálukú gbọ́dọ̀ lò. Yàrá yẹn máa ń tutù bí inú fìríìjì, torí náà súwẹ́tà ni ọkùnrin yìí máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ayé bá ń làágùn. Bàbá Onísúwẹ́tà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà nílé ìwòsàn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń tún ṣe nígbà tí ilé ìwòsàn ra sáfà àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé e kọ́ ọ lọ́rùn pé ṣebí òun ló mọ̀ nípa ohun tó ń lo iná. Nígbà tó jókòó síwájú rẹ̀, kò rí àwòrán kankan tó lè tẹ̀. Ojú dúdú lásán ni, pẹ̀lú ìlà kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Àṣẹ lèèyàn á máa tẹ̀ sí i. Tí o bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ̀, kò ní bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú. Ohun tí o wí ló máa ṣe, á sì dákẹ́.

Orí ayélujára ló ti rí àwọn tó kọ́ ọ. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ojúde, tí àwọn tó ń tọ́jú sáfà káàkiri ayé ti máa ń pàdé. Ẹni tí iṣẹ́ bá dojú rú mọ́ lọ́wọ́ á kọ ohun tó rí síbẹ̀, ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí á dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹnì kejì. Ẹnì kan tí ọkùnrin yìí ò mọ̀ dòní bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀dà gbogbo nǹkan pa mọ́ síbòmíràn, bí wọ́n ṣe ń wá ohun tó ń jẹ àyè inú dísìkì tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan sí. Nígbà tó yá, òun náà di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè. Má-Kánjú ni orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, torí bí gbogbo èsì rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Má kánjú. Má tíì tẹ nǹkan kan."

Ó ti pẹ́ gan-an lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí ilé ìwòsàn gba ilé-iṣẹ́ kan láti ìta pé kí wọ́n wá máa bójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà wọn. Ọ̀gá ìṣàkóso pè é wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ní kó jókòó, ó bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ, ó wá ní ilé ìwòsàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ó níbi tí mo fi nǹkan sí tí èèyàn ò lè dédé mọ̀."

"Ṣebí ẹ ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀?"

"Mo kọ púpọ̀ nínú ẹ̀. Mi ò kọ gbogbo ẹ̀."

"Ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Wọ́n á rí i."

Ẹ̀ṣọ́ kan tó máa ń bá a ṣàwàdà ló tẹ̀ lé e dé géètì, tó gba káàdì ọrùn rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn onírin. Kò lè wò ó lójú. "Ẹ má bínú, sà," ni gbogbo ohun tó lè sọ. Ọkùnrin náà ká súwẹ́tà rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó wọkọ̀ lọ sílé.

Aṣọ ni ìyàwó rẹ̀ ń rán, nínú yàrá iwájú ilé wọn. Ó bá a palẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan lára tábìlì ìgéṣọ mọ́, ibẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé. Láàárọ̀, á kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ibi tó kọ ọ́ sí kì í fèsì, tàbí kí wọ́n ní ọ̀dọ́ làwọn ń wá. Tó bá di ọ̀sán, Ojúde ló máa ń wà, tó ń dá àwọn èèyàn lóhùn.

"Bàbá wọn, ẹ tún ti lọ ń tọ́jú aláìsàn tí ẹ ò mọ ilé wọn," ìyàwó rẹ̀ á wí.

"Ìyá wọn, àwọn tó tọ́jú mi náà ò mọ ilé mi."

"Ẹ sáà bá mi gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò lórí aṣọ oníbàárà."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì. Nínú yàrá ẹ̀yìn ló ti ń kọ iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀, tó bá sì gbọ́ àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ta ara wọn báyìí, á rẹ́rìn-ín láti ibẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀ṣẹ̀dé kọ̀wé sí Ojúde. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, sáfà ibi iṣẹ́ mi ti kún. Orúkọ àwọn èèyàn ò ṣí mọ́, gbogbo àwọn tó wà níwájú ló ń pariwo lé mi lórí. Mo rí àpò fáìlì kan tó tóbi gan-an nínú ẹ̀, 'ìdọ̀tí' ni wọ́n pè é. Ṣé kí n pa á rẹ́?" Ó wá to orúkọ gbogbo àpò inú sáfà náà sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì ní orúkọ ẹ̀ ti sọ ohun tó jẹ́. Ẹnì kejì kọ àṣẹ tí wọ́n fi ń pa á rẹ́ síbẹ̀ lódindi, kó lè kàn dà á kọ.

Má-Kánjú wo àwọn orúkọ àpò wọ̀nyẹn. Ó mọ̀ wọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ìkọ̀wé ara ẹ̀. Òun ló ṣẹ̀dá "ìdọ̀tí". Nígbà kan tí dísìkì kún tí ọ̀gá ìṣàkóso kọ̀ láti buwọ́ lu ríra òmíràn, ó yọ dísìkì kan lára ẹ̀rọ àtijọ́ tí ọ̀gá náà ní kí wọ́n kó dà nù pẹ̀lú ìdọ̀tí, ó fi í sínú sáfà, ó sì fi orúkọ yẹn sọ ọ́, kó lè máa pa òun nìkan lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀n oògùn ń lọ. Ó wà lára àwọn ohun tí kò kọ sílẹ̀.

Ó yọ ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Jẹ́ kí wọ́n rí i. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyẹn, kò sì lé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ó rí ojú ọ̀gá ìṣàkóso, bó ṣe máa rí nígbà tí wọ́n bá wá sọ fún un pé kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lórí Ojúde, ẹnì kan ti tún bèèrè pé: "Ṣẹ̀ṣẹ̀dé, ṣé o ti ṣe é?"

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò dáa wà ní òkè yàrá tútù yẹn gan-an. Ìwọ̀n oògùn wọn máa ń yí padà lójoojúmọ́, orí èsì àyẹ̀wò àná ni dókítà sì máa ń wò kó tó fún wọn ní tòní. Ó rántí bí ẹsẹ̀ wọn ṣe máa ń sáré kọjá lórí òun. Ó kọ̀wé pé:

"Má kánjú. Má tíì tẹ nǹkan kan. Àpò yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀n oògùn ló wà nínú ẹ̀."

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé fèsì: "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ilé ìwòsàn ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Wo inú ẹ̀ ná."

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé wò ó. "Ọlọ́run mi. Òótọ́ ni. Mo ti tẹ àṣẹ yẹn tán, ó ku kí n rán an lọ."

Ọkùnrin náà wá mú un lọ́wọ́, ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, tó ń ṣàlàyé ohun tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan máa ṣe kó tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí i pé ohun tó kún inú dísìkì ni àkọsílẹ̀ ìwọlé, èyí tí ẹ̀rọ fi ń kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tuntun náà ti yí i padà débi pé kì í sinmi ìwé kíkọ. Ó ní kó pa àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ rẹ́, kí àyè lè gbà. Kó má bàa sí ohunkóhun tó máa sọnù, ó fi kún un pé: "Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà gbogbo nǹkan ń lọ. Àwọn tó ń nulẹ̀ máa ń yọ iná ẹ̀. Lọ wò ó."

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé lọ, ó padà dé. "Iná wà lára ẹ̀. Eruku ti bò ó, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Orúkọ àwọn èèyàn ti ń ṣí. Ẹ̀gbọ́n, ta ni yín gan-an?"

"Ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá ni mí," ni Má-Kánjú kọ.

Ìyàwó rẹ̀ ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó ń wò ó. "Kí ló dé tí ẹ ń làágùn?"

Ó sọ fún un.

"Ẹ ò bá ti pè wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ bá wọn ṣe é."

"Wọn ò ní gbé e."

Obìnrin náà fi eyín já fọ́nrán òwú.

Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ ni Ṣẹ̀ṣẹ̀dé. Ilé-iṣẹ́ náà fi òun nìkan sílẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n sì ní tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, kó kọ ìròyìn. Ó kọ ìròyìn. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, ó tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ òun àti Má-Kánjú sí i bó ṣe wà. Ọ̀gá rẹ̀ kà á. Ilé ìwòsàn ti ń bi ọ̀gá yìí léèrè ohun tó fà á tí iṣẹ́ fi dúró, kò sì rí nǹkan kan sọ. Nígbà tó ka ibi ẹ̀rọ abẹ́ àtẹ̀gùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó lọ sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n lé lọ ṣì ń wọ inú sáfà wọn, pé òun ló mú kó kún kí iṣẹ́ lè bàjẹ́, òun náà ló sì tan òṣìṣẹ́ àwọn láti pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

Àwọn ọlọ́pàá dé nígbà tí oníbàárà kan dúró láàárín yàrá, nínú aṣọ tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lára ẹ̀. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà ọkùnrin náà, wọ́n kó fóònù gbogbo ilé. Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn.

"Tèmi nìyẹn," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wí. "Iṣẹ́ àṣejáde mi ló wà nínú ẹ̀."

"Ẹ máa wá gbà á," ni ọlọ́pàá náà wí, ó ká wáyà rẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà ní àgọ́ ọlọ́pàá kéré sí àbúrò ọkùnrin náà tó kéré jù. Ó kọ́kọ́ ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó dé ìdajì, ó ti di ìwọ.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn?"

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo ní kó lọ wò ó ni."

"Ta ló ní kí ọmọbìnrin yẹn pa àkọsílẹ̀ ìwọlé rẹ́?"

"Èmi ni. Dísìkì ti kún. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀."

"Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, èyí tó lè sọ bóyá o wọlé tàbí o ò wọlé ni o mú."

"Òun ló tóbi jù. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́, òun ló máa mú."

"Ìyẹn ni pé o mọ̀ ọ́n mọ̀."

"Iṣẹ́ mi ni."

Ọlọ́pàá náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó yí ìwé náà sí i pé kó buwọ́ lù ú.

Inú àhámọ́ ni ọkùnrin náà wà tí ìgbà òjò fi bẹ̀rẹ̀ tó sì fi parí. Ó sọ fún lọ́yà tí ìyàwó rẹ̀ wá pé ohun tó lè tú òun sílẹ̀ wà: ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí wọ́n pa rẹ́ yẹn wà nínú ẹ̀rọ abẹ́ àtẹ̀gùn, kí wọ́n kà á, wọn ò ní rí orúkọ òun níbẹ̀ láti ọjọ́ tóun ti kúrò. Lọ́yà kọ̀wé sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ní ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ló wà. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn ò mọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin yá fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wọ Ojúde, ó ní: "Ọmọ Má-Kánjú ni mí. Wọ́n ti mú bàbá mi nítorí ohun tó kọ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jẹ́rìí sí irú èèyàn tó jẹ́." Ẹnì kan ní Má-Kánjú ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, pé kí gbogbo èèyàn kọ lẹ́tà. Ẹlòmíràn bèèrè pé ta ló ti rí ojú rẹ̀ rí. Wọ́n ń jiyàn lọ jiyàn bọ̀ títí àwọn alámòójútó fi ti ọ̀rọ̀ náà pa. Wọ́n ní àwọn kì í dá sí ohun tó bá ti dé kóòtù. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Àwọn èsì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń lò wọ́n, àmọ́ níbi tí orúkọ rẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀, "ẹni tí kò sí mọ́" ni wọ́n kọ.

"Wọ́n kọ ọ́ bíi pé ó ti kú," ni ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀.

"Má sọ ìyẹn fún un tí o bá lọ wò ó."

Ọ̀sán kan, ọmọbìnrin tín-ínrín kan wọ yàrá iwájú, ó kí ìyàwó ilé, ó ní òun fẹ́ rán búláòsì. Obìnrin náà dìde, ó mú téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ lọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, pẹ̀lú téèpù léjìká.

"Màmá, èmi ni Ṣẹ̀ṣẹ̀dé."

Obìnrin náà ò gbé ọwọ́ kúrò. "Máa sọ ọ́. Mò ń gbọ́."

"Mo lọ wo abẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀dà yẹn wà níbẹ̀, ó pé. Mo kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí bàbá máa lọ. Bàbá ò wọlé rárá. Àwa fúnra wa la jẹ́ kí dísìkì yẹn kún. Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi, ó ní mo káre. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó ti gbó, wọ́n ti gbé e dà nù."

"O ò ya fọ́tò ẹ̀?"

"Mi ò yà á. Mi ò rò pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé wàá wá sọ ọ́ ní kóòtù?"

Ọmọbìnrin náà nu imú. "Ilé ìwòsàn yẹn ni wọ́n ti ń bá màmá mi fọ ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Torí pé mò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ṣe gba màmá mi."

Obìnrin náà wọn ọwọ́ rẹ̀, ó wọn ìbàdí rẹ̀. Ó fẹ́ bínú, kò rí ibi tó máa gbé ìbínú náà lé. "Èjìká ẹ kan ga ju èkejì lọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Màá wá ọgbọ́n dá sí i. Lọ rò ó."

Ọmọ náà wá sí kóòtù. Ó dúró níwájú adájọ́, ó sọ ohun tó kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ní kó fi ẹ̀rí hàn, kò ní. Ó bi í pé ṣé òun náà kọ́ ni Ṣẹ̀ṣẹ̀dé, tó ń pe olùjẹ́jọ́ yìí ní ẹ̀gbọ́n lórí ayélujára, ó ní òun ni. Adájọ́ ní ẹ̀rí ìhà méjèèjì ò tó nǹkan, ó tú ẹjọ́ náà ká. Kò sọ pé ọkùnrin náà jẹ̀bi, kò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Ilé ìwòsàn ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ géètì àwọn mọ́.

Wọ́n lé Ṣẹ̀ṣẹ̀dé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ti ìyá rẹ̀, ilé ìwòsàn ní àyè ò sí mọ́, kí wọ́n wá ibòmíràn. Ibòmíràn náà jìnnà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ dípò ìgbà mẹ́ta. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó kú kí ọdún tó parí.

Tọkọtaya náà lọ kí i. Yàrá kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láìsí ìbora, àwọn páálí oògùn tí wọn ò lò tán wà lójú fèrèsé. Ọkùnrin náà ti ro ohun tó máa sọ láti ilé. Ṣẹ̀ṣẹ̀dé gbé àga fún wọn, òun fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi," ló wí. "Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ wọn díẹ̀.

"Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín. Tó bá jẹ́ pé òní ni mo kọ̀wé yẹn, tí ẹ sì ti mọ gbogbo ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ máa dá mi lóhùn?"

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i, bí ẹni tí òun náà ti fẹ́ bèèrè tipẹ́. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rò nípa àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù òkè, tí wọn ò mọ̀ ọ́n, tí ọ̀pọ̀ wọn á ti lọ sílé báyìí. Ó wo bẹ́ẹ̀dì tí kò sí ìbora lórí ẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Lójoojúmọ́ ni mò ń rò ó, mi ò sì tíì mọ̀."

Ọmọbìnrin náà mi orí. "Èmi náà ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ."

Wọ́n jókòó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, kí wọ́n tó dágbére fún un.

Aṣọ ni ọkùnrin náà ń lọ̀ báyìí nínú yàrá iwájú, ó sì ń bá ìyàwó rẹ̀ gán bọ́tìnnì. Àwọn ọlọ́pàá ti dá kọ̀ǹpútà padà láìsí dísìkì nínú wọn. Ọmọ rẹ̀ padà sí yunifásítì láti tún iṣẹ́ àṣejáde náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, tó bá pè wọ́n lórí fóònù, á ní òun rí ìbéèrè kan lórí Ojúde tí kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn, pé ṣé bàbá òun fẹ́ gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà á ní kó kà á. Á tẹ́tí sí i dé òpin, tòun ti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì bi í bóyá ó ti jẹun.